Kí Ẹnikẹ́ni Má Fi Orúkọ Ẹgbẹ́ Wa Jẹ Ìbò

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gbé ní Iyaro, Urubi, New Benin àti gbogbo àyíká, ọ̀rọ̀ kan wáyé ní ìpàdé wa tó kọjá tí a kò lè gbé mì. Àwọn kan nínú wa ní kí ẹgbẹ́ fi orúkọ gbogbo wa ti olóṣèlú kan lẹ́yìn, nítorí pé ọmọ ilé ọlá ni, àti pé pásítọ̀ kan tí òun náà jẹ́ ọmọ ìjòyè ló mú un wá. Wọ́n ní ẹni tí oyè wà nílé rẹ̀, tí Bíbélì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè tàn wá. Àwa kò gbà.

Ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú yìí gan-an. Ní 1914, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan, T. A. J. Ogunbiyi, dá ẹgbẹ́ Ọ̀gbóni tuntun sílẹ̀ ní Èkó, èyí tí à ń pè ní R.O.F. lónìí. Kì í ṣe Ọ̀gbóni àwọn baba wa o, ẹ má pa méjèèjì pọ̀. Ẹgbẹ́ náà dé Benin. Nígbà tí Gaius Obaseki, ọmọ Iyase Agho Obaseki, di Iyase ní 1948, òun náà ni olórí àwọn Ọ̀gbóni níbí. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nílùú yìí mọ̀ pé Iyase kì í ṣe oyè kékeré. Láyé àtijọ́, Iyase àti Ezomo ni wọ́n ń kó ogun jáde fún Ọba. Iyase tiwọn yìí kò kó ogun, ìjọba ìbílẹ̀ ló kó sọ́wọ́. Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ẹni tí kò bá ṣe Ọ̀gbóni kò rí nǹkan kan gbà. Ni Otu Edo bá dìde, Omo N'Oba Akenzua Kejì sì wà lẹ́yìn wọn. Ní 1951 ìjà dé, wọ́n dáná sun ilé àwọn Ọ̀gbóni. Action Group dúró ti Ọ̀gbóni, ó sì di pé lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, Ọ̀gbóni, Action Group àti Yorùbá, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìyá aláṣọ tí kò mọ ilé ìpàdé Ọ̀gbóni rí, òun náà gba tirẹ̀ nínú orúkọ yẹn.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1425, Ọba Henry Kẹfà kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Henry Beaufort, bíṣọ́ọ̀bù Winchester, ọmọ ọmọ Ọba Edward Kẹta, ni Chancellor. Humphrey, Duke ti Gloucester, ọmọ Ọba Henry Kẹrin tó ti jagun ní Agincourt, ní òun ni àṣẹ tọ́ sí. Àwọn ará London bínú sí bíṣọ́ọ̀bù pé ó ń ṣe ojúrere sí àwọn oníṣòwò àlejò. Kí ọdún tó dé ìdajì, wọ́n ti ń lẹ ìwé káàkiri láti fi halẹ̀ mọ́ àwọn ará Flanders. Ní oṣù October, àwọn ènìyàn bíṣọ́ọ̀bù àti ti Duke kojú ara wọn níbi afárá London, àwọn ọlọ́jà sì ti ṣọ́ọ̀bù. Ní 1426, bíṣọ́ọ̀bù fi ipò Chancellor sílẹ̀, Póòpù sì sọ ọ́ di Kádínà. Ẹ wo ibi tí bíṣọ́ọ̀bù bọ́ sí! Àlejò Flanders ń kọ́?

A kò ní kí ẹnikẹ́ni má dìbò. Ẹni tó bá wu kálukú ni kó dìbò fún, láàárín òun àti àpótí ìbò. Bí ìjòyè tàbí pásítọ̀ bá wá sí ìpàdé wa, a ó fún un ní obì àti àga, a ó gbọ́ tirẹ̀, a ó sìn ín dé ìdí mọ́tò. Ṣùgbọ́n a ó mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀ pé kí sítáǹpù ẹgbẹ́ àti ìwé olórúkọ ẹgbẹ́ wà nínú àpótí akọ̀wé, ní títì pa, títí ìbò yóò fi kọjá. Kí ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn wá sọ tẹnu rẹ̀ níbẹ̀.