Ìṣègùn Tí A Kò Kọ Sílẹ̀

Lẹ́bàá Newtown ní Johannesburg, ìṣègùn méjì jọ múlé tira. Òpópónà Commissioner ni àwọn ará Ṣáínà ìlú náà kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Òpópónà Diagonal sì lókìkí fún egbò àti ewé àwọn adúláwọ̀.

Oníṣègùn Ṣáínà a máa wo ahọ́n aláìsàn, a gbọ́ ohùn àti èémí rẹ̀, a bi í bí ó ti ń sùn àti bí ó ti ń jẹun, a sì fi ìka mẹ́ta tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ láti mọ bí iṣan ti ń lù. Lẹ́yìn náà ni yóò fún un ní àgbo, tàbí kí ó fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gún un.

Èwo ni ó ṣàjèjì sí oníṣègùn Zulu tàbí adáhunṣe Yorùbá níbẹ̀? Àwọn náà ń wojú, wọ́n ń béèrè, wọ́n ń se àgbo, wọ́n ń sín gbẹ́rẹ́. Ìwé ni ìyàtọ̀. Ní ọ̀rúndún kẹrin ni Ge Hong kọ ọ́ pé kí wọ́n rẹ ewé kan sómi, kí wọ́n fún un, kí ẹni tí ibà ń ṣe mu ún. Tu Youyou kà á, ó rí i pé ooru ni ó ń ba agbára ewé náà jẹ́. Ní 1972 ó rí artemisinin, ní 2015 ó gba ẹ̀bùn Nobel.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí a kọ ni òtítọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a kọ ni a lè yẹ̀ wò. Àwọn tí ń wí pé awo ni ewé, kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́, kò dáàbò bo ogún kankan. Sàréè ni wọ́n ń sin ín sí. Kí olùkọ́ rán ọmọ ilé ìwé sí àgbà pẹ̀lú gègé, kí ó kọ orúkọ ewé, àìsàn àti ìwọ̀n sílẹ̀. Kí àwọn onímọ̀ sì dán an wò kí ẹnikẹ́ni tó mu ún.