Alágbe Challenge àti Owó Ìrànwọ́

Àwọn kan ń bi wá pé, kí ni kò jẹ́ kí alágbe tán ní Challenge, ní Ìlọrin níhìn-ín, nígbà tí ìjọba ń pín owó fún aláìní?

Òótọ́ ni, ìjọba ń pín owó. Láti ọdún 2016 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá ètò sílẹ̀ láti máa fún ìdílé tálákà ní 5,000 náírà lóṣù. Ní 2023 wọ́n kéde 25,000 fún oṣù mẹ́ta; ní oṣù kìíní 2024 wọ́n dá a dúró fún ìwádìí kí ó tó tún máa lọ. Kwara tiwa náà gbé Owó Arúgbó kalẹ̀. Èmi kò fojú kéré rẹ̀. Ìyá àgbà tí ó bá rí iṣu àti oògùn rà kò ní jáde wá nawọ́ ní títì.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ti ń kọ orúkọ. Ìdílé ni ìwé ìjọba àpapọ̀ ń kà, àwọn ará àdúgbò ni ó sì ń fi tálákà wọn hàn. Ẹni tí ń sùn síwájú ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ilé wo ni akọ̀wé yóò bá a? Ọkọ̀ tí ń kó alágbe nìkan ni ó mọ ibùsùn rẹ̀. Ìjọba ti kó wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n sì dá àwọn ará ìpínlẹ̀ mìíràn padà. Kò pẹ́ tí títì tún fi kún.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ọmọ tí ń fa afọ́jú lọ́pá. Kò lọ ilé kéwú, kò lọ ilé ìwé. Àwa gan-an ni à ń san owó iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ojú ọmọ náà ni a fi ń ju náírà sínú abọ́.

Ará Mẹ̀dínà kan wá tọrọ lọ́dọ̀ Ànábì wa. Ó wà nínú hadisi Abu Dawud. Aṣọ kan àti abọ́ omi ni gbogbo ẹrù rẹ̀. Ànábì tà wọ́n ní dirhamu méjì, ó ní kí ó fi ọ̀kan ra oúnjẹ fún ará ilé rẹ̀, kí ó fi èkejì ra àáké. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki èèkù bọ àáké náà, ó sì fún un ní ọjọ́ 15 láti lọ ṣẹ́ igi tà. Dirhamu mẹ́wàá ni ọkùnrin náà mú bọ̀.

Sàká wa kò bèèrè nọ́ńbà ilé. Aláìní àti arìnrìn-àjò wà nínú ẹni mẹ́jọ tí Súrátù Taoba kà. Kí mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan ní Challenge ṣí ìwé, kí a kọ orúkọ àwọn tí ń sùn yí wa ká, àti ti ọmọ tí ń fa ọ̀pá. Oúnjẹ afọ́jú ni kí a kọ́kọ́ san, kí ó tó lè fi ọmọ náà sílẹ̀ fún alùfáà àti tíṣà.