Ẹ Má Fi Ọ̀dà Bo Ìpáàrà Mọ́lẹ̀

Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún mi. Mo jókòó sínú Ìjàpá bàbá mi lábẹ́ igi máńgòrò ní Ìwàrà, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, àfi gbì! Bàtà mi gba ilẹ̀ mọ́tò náà kọjá, ó lọ kan ewé gbígbẹ nísàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá Ìjàpá lójú títì, Volkswagen Beetle ni mò ń sọ: mọ́tò kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ bíi ti ahun, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí afẹ́fẹ́ ló ń tù ú lára, tí kò ní rédíétọ̀ rárá. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn mọ́tò wọn pọ̀ nílé wa níbí. Bàbá mi fi tirẹ̀ lọ síṣẹ́ olùkọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tó kú, ọdún 16 ni mọ́tò náà fi dúró gba òjò.

Panẹ́ẹ̀lì bítà kan wá wò ó láti Iléṣà, bàbá àgbàlagbà kan ni. Ó fi ìka kan ilẹ̀ mọ́tò náà, ó rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, èyí ò le. A máa fi bọ́dì fílà dí gbogbo ihò yìí, a máa fi sáńpépà fá a, a máa wá fín ọ̀dà sí i. Ẹni kankan ò ní mọ̀.” Ẹni tó fẹ́ rà á ti wà nílẹ̀ pàápàá, ọkùnrin kan ní Òṣogbo tó máa ń fi mọ́tò àtijọ́ gbé ìyàwó lọ síbi ìgbéyàwó. Owó tó fẹ́ san dára. Màmá mi ní kí n jẹ́ kó máa lọ. Èmi ni mo kọ̀, wọ́n sì bínú sí mi fún bí oṣù méjì. Torí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi fún yín níbí, bóyá ẹ̀yin á gbà mí gbọ́.

Ìpáàrà kì í ṣe ìdọ̀tí. Ká ní ìdọ̀tí ni, omi àti ọṣẹ ì bá ti tó o. Irin náà fúnra rẹ̀ ló ń di nǹkan mìíràn. Ẹ wo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà bó ṣe pupa tó, tí òjò bá rọ̀ tó máa ń ta sí gbogbo ara ògiri. Irin tó ti so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn ló fún un ní àwọ̀ yẹn, ìbátan ìpáàrà ni. Inú òkúta tó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń yọ́ irin láyé àtijọ́ ti ń rí irin: wọ́n á kó o sínú iná, èédú á sì gba ọ́síjìn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńláńlá òde òní ò ṣe ju bẹ́ẹ̀ náà lọ. Nítorí náà, gbogbo irin tó ń dán jẹ gbèsè. Ẹ mọ òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò aṣọ tó máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè, tí wọn ò ní dìde àfi tí wọ́n bá gbowó wọn? Ọ́síjìn ni òṣómàáló irin. Omi ló ń ṣílẹ̀kùn fún un, iyọ̀ ló sì ń jẹ́ kó yára. (Wúrà tí wọ́n ń wà nílẹ̀ wa ò jẹ gbèsè yìí. Ìdí nìyẹn tó fi lè wà nínú iyanrìn odò fún ọdún gbọọrọ kó ṣì máa tàn.)

Alumíníọ̀mù náà máa ń gba ọ́síjìn mọ́ra, ṣùgbọ́n awọ tó máa ń bò ó ki pọ́pọ́, á dáàbò bo ìyókù. Ti irin ò rí bẹ́ẹ̀. Ìpáàrà máa ń wú ju irin tó ti jáde lọ, ó lè tó ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, á wá máa ṣí pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́, á sì máa fa omi mu bíi kàn-ìn-kàn-ìn. Ẹ wá fi bọ́dì fílà bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Fílà fúnra rẹ̀ máa ń gba omi mọ́ra. Iṣẹ́ ń lọ lábẹ́ ọ̀dà, ẹ̀yin ń fọ mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹ rò pé ó ti bùṣe.

Ara Ìjàpá tún ní àwọn ibi tó burú jù. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì rẹ̀ wà, áàsìdì rẹ̀ sì máa ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Tí sípíríǹgì àga bá tún lọ fara kan orí bátìrì náà, iná lè sọ. Lábẹ́ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì, irin oníhò kan wà tó ń gbé ooru láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì wá fún àwọn tó jókòó sínú mọ́tò. Ta ló ń wá ooru ní Ìwàrà? Ṣùgbọ́n irin yẹn gan-an wà lára ohun tó di ara mọ́tò mú kó má tẹ̀. Tó bá jẹra, tí mọ́tò mìíràn wá kọlù ú, fílà ò lè gba ẹnikẹ́ni là. Ìyàwó tuntun pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ìyàwó ni ọkùnrin Òṣogbo yẹn fẹ́ gbé jókòó sórí ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi gbà kọjá. Ohun tí mo rò nìyẹn, mi ò lè tà á.

Tí ẹ bá fẹ́ ra mọ́tò àtijọ́, ẹ mú òòfà kékeré kan, ẹ fi aṣọ wé e kó má ha ọ̀dà, kí ẹ máa fà á lọ lára mọ́tò náà. Ibi tó bá jẹ́ irin, á lẹ̀. Ibi tí fílà bá ki sí, á já bọ́.

Àwọn irin kéékèèké, irú bí àgbékọ́ ilẹ̀kùn, fúnra mi ni mo fi iná mànàmáná bọ́ ìpáàrà wọn. Mo po káún mọ́ omi nínú ike, káún tí a fi ń se ewédú yìí náà. Mo so okùn òdì ṣájà bátìrì mọ́ irin tó dógùn-ún, mo so okùn kejì mọ́ àlòkù irin mìíràn, mi ò jẹ́ kí àwọn méjèèjì kan ara wọn, mo wá tan iná. (Iná ò ju wákàtí mẹ́ta lọ lọ́jọ́ yẹn, iṣẹ́ ọjọ́ kan di ti ọjọ́ mẹ́rin.) Ìpáàrà rọ̀, ó di dúdú, wáyà bùrọ́ọ̀ṣì sì gbá a kúrò. Ẹ má lo iyọ̀ o, gáàsì kúlórínì ló máa mú jáde. Ẹ má lo àwo irin aláìdógùn-ún tí a fi ń jẹun fún okùn kejì, májèlé lè jáde látinú rẹ̀. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kó jìnnà sí iná, torí háídírójìn ń hó jáde níbẹ̀. Kí ẹ sì pa ṣájà kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí irin bá ti jáde, ẹ gbẹ ẹ, kí ẹ kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i lọ́jọ́ náà, torí òṣómàáló ti ń padà bọ̀.

Ìyẹn ò sì lè dá irin tó ti lọ padà. Ilẹ̀ mọ́tò, a gé e sọnù ni, wẹ́dà tó mọṣẹ́ ló jó páànù irin tuntun mọ́ ọn. Mi ò dán ìyẹn wò nílé. Táǹkì epo ńkọ́? Kí ẹnikẹ́ni má jó o, bó ti wù kó pẹ́ tó tó ti gbẹ. Èéfín epo tó kù nínú rẹ̀ tó pa èèyàn.

Ní 2014, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, sọ Ìjàpá kan di mọ́tò tó ń lo oòrùn àti atẹ́gùn. Ohun tó wà lórí rẹ̀ ni gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò. Èyí tó wù mí jù ni pé ó fún ìsàlẹ̀ mọ́tò náà lágbára kó lè gbé ìwúwo bátìrì. Ẹni tó ronú ìsàlẹ̀ ni mo máa ń bọ̀wọ̀ fún.

Mi ò bú bàbá panẹ́ẹ̀lì bítà yẹn o. Dídán la máa ń sanwó fún, ta ló máa ń tẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò kó tó sanwó? Tí mo bá sọ pé kó gé irin jẹra kúrò, owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Fílà, ọjọ́ méjì. Àwa oníbàárà la kọ́ wọn.

Owó mi tán síbi ilẹ̀ mọ́tò, kò kan ọ̀dà. Àwọ̀ eérú ni Ìjàpá náà ṣì wà, àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní òkú ahun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá jókòó sínú rẹ̀, wọ́n gbá ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbà, gbà. Wọ́n ní nígbà wo ni mo máa wá gbé àwọn lọ sọ́jà Iléṣà.