"Má Ronú" Kì Í Ṣe Ìtọ́jú

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, èsì àyẹ̀wò ọrùn ilé-ọmọ mi wọlé sórí fóònù mi ní Abuja, níbi tí mò ń gbé. Ojú ìwé kan péré ni. Wọ́n kọ LSIL sí i, wọ́n ní àwọn rí kòkòrò àrùn HPV, wọ́n sì ní kí n lọ rí dókítà. Ó parí síbẹ̀. Kò sí àlàyé kankan. Nígbà tí mo pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé náà, obìnrin tó gbé fóònù ní, "Màdáámù, ẹ má ronú."

Mo ronú. Ọjọ́ 11 gbáko ni mo fi ronú kí n tó rí dókítà. Mo ń ka íntánẹ́ẹ̀tì títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Lọ́kàn mi, mo ti sin ara mi, mo ti pín aṣọ mi, mo ti ń wo ẹni tí yóò máa tọ́jú ìyá mi. Ìgbà tí mo wá dé iwájú dókítà, ìṣẹ́jú 5 ló fi ṣàlàyé. LSIL kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó túmọ̀ sí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ọrùn ilé-ọmọ ti yí padà díẹ̀, HPV ló sì sábà máa ń fà á. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara fúnra rẹ̀ ló ń lé kòkòrò náà lọ láàárín ọdún 2. Níbi tí kò bá ti lọ, ó sábà máa ń gba ọdún 15 sí 20 kí ìyípadà náà tó di jẹjẹrẹ. Lára obìnrin tó ní HIV tí kò sì gba ìtọ́jú, ó lè jẹ́ ọdún 5 sí 10. Ìdí tí a fi ń ṣe àyẹ̀wò gan-an nìyẹn: kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ìbéèrè mi nìyí: ta ló ní kí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 5 dúró fún ọjọ́ 11?

Àwa obìnrin ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi àníyàn wa. Wọ́n ní ọkàn wa kò le, wọ́n ní a ti ka íntánẹ́ẹ̀tì jù. Mi ò gbà. Ẹni tó fún mi ní ìdajì ọ̀rọ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú pé mo lọ wá ìdajì tó kù lọ́dọ̀ Google.

Mo mọ ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yóò sọ: èrò pọ̀, òṣìṣẹ́ kò tó, àwọn dókítà ń lọ sí òkè òkun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi ọtí kíkan ṣe ní àwọn ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé. Nọ́ọ̀sì á fi ásíìdì inú ọtí kíkan, èyí tí wọ́n ti fi omi là, kun ọrùn ilé-ọmọ, á dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, á sì wò ó bóyá ibì kan funfun. Obìnrin náà lè má tíì wọ aṣọ rẹ̀ tán tí wọ́n á ti sọ ohun tí wọ́n rí fún un. Níbi tí irinṣẹ́ bá wà, wọ́n lè tọ́jú ibẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Bí nọ́ọ̀sì tó ní ike ọtí kíkan bá lè ṣàlàyé, kí ló dé tí ilé àyẹ̀wò tó ní ẹ̀rọ amúlétutù kò lè ṣe é?

Àwọn mìíràn ní bí àlàyé bá pọ̀ jù, obìnrin á sá. Òdìkejì rẹ̀ ni mo rí. Lórí bẹ́ǹṣì tí mo ti ń dúró de dókítà, obìnrin kan sọ fún mi pé ọdún 2 ni èsì tòun fi wà lábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Ó rò pé ìdájọ́ ikú ni, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á sí òun létí. Ọdún 2 tó yẹ kí wọ́n ti máa ṣọ́ ọ ló lọ bẹ́ẹ̀.

Ìtìjú náà tún wà ńbẹ̀. Nítorí pé ìbálòpọ̀ ni HPV sábà máa ń bá wọlé, ohun tí ẹbí ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ta ló kó o ràn ọ́?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá ti ní ìbálòpọ̀ rí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ló máa ń ní in nígbà kan, ó sì lè fara pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àyẹ̀wò tó rí i. Èsì náà kò lè sọ ẹni tó mú un wá tàbí ìgbà tó dé. Ẹni tó bá sọ ọ́ di ẹ̀rí àgbèrè, irọ́ ló ń pa mọ́ ìwé.

Àǹtí mi ní kí n máa wí pé, "Mo kọ̀ ọ́." Mi ò bá àdúrà jà; èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn "àmín", ẹ bèèrè ọjọ́ tí mo máa padà sí ọsibítù, kí ẹ sì bá mi lọ. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n àwa ìyá àti ẹ̀gbọ́n wọn ti kọjá ọjọ́ orí yẹn. Àyẹ̀wò ni ààbò tiwa. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fẹ́ kí ó tó di ọdún 2030, kí obìnrin 70 nínú 100 máa ṣe é kí wọ́n tó pé ọdún 35, kí wọ́n sì tún un ṣe kí wọ́n tó pé 45. A ò lè débẹ̀ bí ẹni tó gba èsì bá ń sá.

Ohun tí mò ń bèèrè kò wọ́n. Kí èsì má jáde láìsí gbólóhùn mẹ́ta, ní Yorùbá, Haúsá, Ìgbò, pijin tàbí èdè yòówù tí obìnrin náà gbọ́: ohun tí a rí, ohun tí kì í ṣe, àti ọjọ́ tí ẹ máa padà wá. Kí nọ́ńbà ẹni tó lè dáhùn ìbéèrè wà lábẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n má sì fi í ránṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì bí kò bá sí ẹni tó lè ṣàlàyé.

Dókítà ti fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ọrùn ilé-ọmọ mi, ó ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù 12. Màá lọ. Àyà mi á já díẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo mọ̀. Ẹ má sọ fún mi pé kí n má ronú. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mi.