Ọjọ́ Kan ní Ojú Ogun Kírìjì àti Ilẹ̀ Wúrà Ìjẹ̀ṣà

  

Ọ̀rọ̀ ogun àti ọ̀rọ̀ wúrà ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí ló kan àwa ará Adégbayì níbẹ̀. Títì tó kọjá níwájú wa yìí, níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ láràárọ̀, òun kan náà ló lọ sí Ifẹ̀ àti Iléṣà. Ẹni tó bá jí ní kùtùkùtù lè dé ojú ogun tí àwọn baba ńlá Ìbàdàn ti jà fún ọdún bí 16, kó dé ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa wúrà láti ayé òyìnbó, kó sì padà wá sùn sórí ibùsùn rẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan. Ohun tí ojú wa rí ni mo fẹ́ ròyìn.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí la gbéra. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí a dé afárá Aṣéjìrẹ́. Odò tó wà lábẹ́ afárá yẹn, Ọ̀ṣun ni. Ìgèdè ní ilẹ̀ Èkìtì ló ti sun, ó gba ẹ̀bá Òṣogbo kọjá, ó sì ń bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni ìjọba sé e ní Aṣéjìrẹ́ kí omi ẹ̀rọ lè dé Ìbàdàn. Ẹ fi odò yìí sọ́kàn, a óò tún bá a pàdé.

A kọjá Ìkirè, a kọjá Gbọ̀ngán àti Ifẹ̀. Ní Iléṣà a jẹ iyán kí oòrùn tó gòkè. Ẹni tó bá ní iyán kì í ṣe oúnjẹ àárọ̀, kò tíì dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Láti ibẹ̀ a gba Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà àti Ẹ̀sà-Òkè lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé.

Òkè ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ló mú wa rìn. Ó kọ́kọ́ béèrè pé níbo la ti wá. Ọ̀rẹ́ mi dá a lóhùn pé, "Ìbàdàn ni, Bàbá." Bàbá wò wá láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Láti 1893 tí ẹ ti kúrò níbí, a kò gbúròó yín mọ́." Mo ní, "Bàbá, a wá kí yín ni, a kò gbé ìbọn dání." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ ilé tú, Ìbàdàn di alágbára. Ó ṣẹ́gun ọ̀pọ̀ ìlú ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ó sì fi ajẹ́lẹ̀ sí wọn lórí. Bí a kò bá ní tan ara wa jẹ, púpọ̀ nínú àwọn ajẹ́lẹ̀ wọ̀nyí ni wọ́n fi ojú ọlọ́jà àti ará oko gbolẹ̀. Ohun tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń mú, ẹni tó bá sì sọ̀rọ̀, ọrùn rẹ̀ ni. Ní 1878, Fábùnmi, akọni ọmọ Òkèmẹ̀sí, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó pa ajẹ́lẹ̀. Àwọn ìlú yòókù gbè é lẹ́yìn, wọ́n di Èkìtìparapọ̀. Ògèdèǹgbé ti Iléṣà ló wá di olórí ogun wọn. Ògèdèǹgbé yìí ti gbé Ìbàdàn rí, ìwà àwọn jagunjagun wa kò ṣàjèjì sí i. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Látòósà ló kó ogun Ìbàdàn jáde.

Ìbàdàn fi Igbájọ ṣe ẹ̀yìn, Èkìtìparapọ̀ fi Ìmẹ̀sí-Ilé ṣe ẹ̀yìn, wọ́n sì dojú kọ ara wọn láàárín òkè. Ìgìrìgìrì ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, Bàbá ní kí ọ̀rẹ́ mi kígbe. Ó pe orúkọ ara rẹ̀, òkè sì dá a lóhùn. Bàbá ní, "Bí ohùn ẹnì kan bá rí báyìí, ẹ wá ro ti ìbọn." Ohùn ìbọn tó ń dún láàárín òkè wọ̀nyẹn ni wọ́n fi sọ ogun náà ní Kírìjì. Ṣakabùlà ló wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó dáwó jọ, wọ́n fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé, èyí tí wọ́n ń ki ọta sí láti ìdí. Kí ológun ṣakabùlà tó rọ ẹ̀tù tán, ẹni kejì ti yìn lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ èyí. Nígbà tí ogun náà le, ìhà márùn-ún ni Ìbàdàn ní ọ̀tá sí. Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá dí ọ̀nà Èkó mọ́ ọn. Iyọ̀ wọ́n, ẹ̀tù ìbọn wọ́n. Níbi ìjà, ibùdó ogun di ìlú. Wọ́n kọ́ ilé sí i, ọjà ń ná níbẹ̀, obìnrin ń bímọ níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí ogun bẹ̀rẹ̀ ti tó gbé ìbọn kí ogun tó parí. Látòósà fúnra rẹ̀ kú sí ibùdó ní 1885, kò fojú kan Ìbàdàn mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ogun náà ṣe rọlẹ̀ ni kí ẹ kọ́ àwọn ọmọ jù. Kò sí ẹni tó ṣẹ́gun ẹnì kejì. Ìwé àti ìránṣẹ́ ni wọ́n fi pa iná rẹ̀. Gómìnà Èkó rán pásítọ̀ méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, wọ́n sì ń ti ibùdó kan bọ́ sí ìkejì, wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Johnson yìí kan náà ló kọ ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886, àwọn ìjòyè ìhà méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn. Ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà di òmìnira; Igbájọ, Ọ̀tan, Àdá àti Ìrèsì wà lọ́dọ̀ Ìbàdàn, ẹni tí kò bá sì fẹ́ dúró lè kó ẹrù rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, nítorí ìjà Ìlọrin ní Ọ̀fà, ó di 1893, nígbà tí Gómìnà Carter wá, kí ogun tó túká pátápátá.

Ta ló wá jèrè? Ní 1893 yẹn náà ni Ìbàdàn tọwọ́ bọ̀wé fún òyìnbó, wọ́n sì fi Kápútéènì Bower jẹ ọ̀gá lé wa lórí. Ìbàdàn tó ń fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú ẹlòmíràn gba ajẹ́lẹ̀ tirẹ̀. Ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní ìrántí Bower ní 1936, èyí tí a ń pè ní Láyípo, orí Òkè Ààrẹ ló dúró sí, òkè tó ń jẹ́ orúkọ mọ́ Ààrẹ Látòósà. Èmi ti gun ilé yẹn nígbà púpọ̀, ṣùgbọ́n Ìgìrìgìrì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá yé mi.

A dágbére fún Bàbá, a padà sí Iléṣà, a sì yà sí ọ̀nà Ìtagúnmodì. Ilẹ̀ kòkó àti obì ni ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yà kúrò ní títì díẹ̀, ẹ óò rí kòtò ní ẹ̀gbẹ́ kòtò, omi pupa sì dúró sínú wọn. Láti 1913 ni wọ́n ti ń wa wúrà ní Nàìjíríà, ó sì gbilẹ̀ jù láàárín 1933 sí 1943. Ní àwọn ọdún 1940, iṣẹ́ náà ti wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn òyìnbó wá, wọ́n lọ. Àwọn mìíràn dé lẹ́yìn wọn. Ní 2021 ni ilé iṣẹ́ ńlá tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá yọ wúrà àkọ́kọ́ ní agbègbè Iléṣà. Èyí tí a rí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ ńlá. Ṣọ́bìrì, ẹ̀rọ omi àti agbára ọwọ́ ni.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti lóye. Òjò àti ìṣàn omi ti wẹ wúrà kúrò lára àpáta láti ayébáyé, ó sì ti rì sí ìsàlẹ̀ àbàtà. Wọn a gbẹ́ erùpẹ̀ òkè kúrò títí wọn ó fi kan òkúta wẹ́wẹ́. Wọn a bu òkúta yìí sórí pákó tí wọ́n gbé dagẹrẹ tàbí sínú páànù, wọn a da omi sí i, wọn a máa mì í. Wúrà wúwo tó omi ní nǹkan bí ìlọ́po 19, yanrìn kò sì tó ìlọ́po 3. Omi a gbé yanrìn lọ, wúrà a jókòó sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń fi omi yọ òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, ọgbọ́n kan náà ni.

Ibi tí ewu wà ni pé àwọn kan a máa fi mẹ́kúrì kó wúrà kéékèèké jọ, wọn a sì fi iná sun mẹ́kúrì náà kúrò. Èéfín rẹ̀ ń ba ọpọlọ jẹ́. Ní Sàmfárà, ní 2010, òjé tó wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ ní àárín ilé pa ọmọ kéékèèké tó lé ní 400. Kò sí wúrà tó tó ọmọ kan rà.

Ìyá àgbà kan ń bó gbágùúdá lẹ́bàá ọ̀nà. A kúnlẹ̀ kí i kú iṣẹ́. Ó nawọ́ sí omi pupa kan, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, oko kòkó bàbá mi nìyẹn. Wọ́n fún wa lówó díẹ̀. Owó ti tán. Kòtò ṣì wà." Mo bi í bóyá wọ́n ṣèlérí láti dí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú gbágùúdá mìíràn.

Òfin ìwakùsà ti 2007 sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo ohun àlùmọ́nì abẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà kò dúró síbẹ̀. Ó ní kí ẹni tó gba ìwé àṣẹ bá àwọn ará ìlú ṣe àdéhùn, kó san owó ohun ọ̀gbìn tó bá bàjẹ́, kó sì tún ilẹ̀ ṣe lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹni tí kò gba ìwé àṣẹ, tó ń wa wúrà lóru, kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn kankan.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí odò wa. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, omi Ọ̀ṣun pọ́n bí omi amọ̀ ní Òṣogbo, lẹ́bàá igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá ayé ní 2005. Àwọn tó ṣe ìwádìí sọ pé ìwakùsà wúrà lókè odò wà lára ohun tó fà á. Ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tó wá ṣọdún kí wọ́n má mu omi náà. Odò yìí kan náà ló ń ṣàn wá sí Aṣéjìrẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ mi ní òdì: n kò sọ pé omi ẹ̀rọ wa ti bàjẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí wọ́n bá da ilẹ̀ rú lókè odò, ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ kò lè sọ pé kò kan òun. Nígbà Kírìjì, a lè sọ pé àwọn ará ibẹ̀ ni ọ̀tá wa. Lónìí, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Òṣogbo àti Ìbàdàn, odò kan la jọ ń mu.

Ọ̀nà tí wọ́n fi parí Kírìjì ló yẹ ká fi ṣe èyí. Kí ìjọba Ọ̀yọ́ rán ènìyàn sí ti Ọ̀ṣun àti Èkìtì, kí wọ́n jọ máa yẹ omi odò wò, kí wọ́n máa ka èsì rẹ̀ sétí ará ìlú, kí ẹni tó bá gbẹ́ kòtò sì dí i. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti ẹgbẹ́ olùkọ́, ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ aṣòfin yín nígbà tó bá wá tọrọ ìbò. Ó gbà tó ọdún bí 16 kí ogun Kírìjì tó túká. Omi kò ní dúró dè wá tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ ilé ìwé lọ, kí ó gbéra ní ìdájí, kí ó kọ́kọ́ kí àwọn àgbà Ìmẹ̀sí-Ilé kí ó tó gun òkè, kí ó wọ bàtà tó lágbára, kí ó má sì jẹ́ kí ọmọ kankan súnmọ́ etí kòtò wúrà, nítorí erùpẹ̀ rẹ̀ ń ya. Bí ẹ bá dé ọ̀hún tí wọ́n bi yín léèrè ibi tí ẹ ti wá, ẹ má fi Ìbàdàn pamọ́. Wọn yóò fi yín rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà wọn yóò fún yín níyán.