Lẹ́tà Gbangba sí Kọmíṣọ́nà fún Ètò Ìdájọ́: Ìwé Orúkọ Àwọn Tí Ilé-Ẹjọ́ Dá Lẹ́bi Ìfipábánilòpọ̀

Sí Agbẹjọ́rò Àgbà àti Kọmíṣọ́nà fún Ètò Ìdájọ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló bí ìwé orúkọ àwọn afipábánilòpọ̀ ní Nàìjíríà. Òfin tó dẹ́kun ìwà ipá sí ọmọ ènìyàn, tí gbogbo ayé mọ̀ sí VAPP, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, sọ ní abala kìn-ín-ní pé kí ìjọba máa tọ́jú orúkọ àwọn tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi, kí ará ìlú sì lè wò ó. Ó parí síbẹ̀. Kò sọ iye ọdún tí orúkọ yóò fi wà níbẹ̀, kò sì pàṣẹ pé kí ẹni tó ni orúkọ wá jábọ̀ bó bá kó kúrò nílé. Abùjá nìkan ni òfin yìí sì ti ń ṣiṣẹ́. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ṣe tirẹ̀. Ọ̀ṣun wà lára àwọn tó ti ṣe é.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 2019, àjọ NAPTIP, tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, ṣí ìwé náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n sì to àwọn tó ń tọ́jú ẹni tí wọ́n ṣe báṣubàṣu pọ̀ mọ́ ọn. Èkó ní tirẹ̀, òfin tí Gómìnà Sanwó-Olú buwọ́ lù lọ́dún 2021 ló fi í sábẹ́ àjọ kan tí kò níṣẹ́ méjì ju ọ̀rọ̀ ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀ lọ. Èkìtì kò fi ti ojú ṣe: nígbà ìjọba Gómìnà Fáyẹmí, àwòrán ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ni Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ ibẹ̀ ń gbé síta.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fi irú ìwé yìí dárà jù. Òfin ọdún 1994 ló pàṣẹ pé kí gbogbo ìpínlẹ̀ wọn ní in, ti 1996 ṣí i sílẹ̀ fún ará ìlú, ti 2006 sì pín àwọn ọ̀daràn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Orúkọ ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kéré jù yóò wà níbẹ̀ fún ọdún 15, ti ìsọ̀rí kejì fún ọdún 25, ti ìsọ̀rí kẹta títí ayé. Ẹni ìsọ̀rí kẹta yìí gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ní ìgbèríko wọn, ọ́fíìsì ọ̀gá ọlọ́pàá ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní sheriff, ló sábà máa ń gba ìwé náà. Wọ́n á ti kọ orúkọ ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ kó tó jáde. Bó bá sì kó lọ síbòmíràn, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta péré ló ní láti wá sọ. Òbí tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ń gbé nítòsí yóò tẹ àdírẹ́sì ilé rẹ̀, àwòrán á sì yọ. Ní Britain, níbi tí òfin ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1997, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni ìwé náà ń gbé. Ẹnikẹ́ni kò lè ṣí i wò, ṣùgbọ́n òbí lè lọ béèrè nípa ẹnì kan pàtó tó ń sún mọ́ ọmọ rẹ̀.

Kò sí èyí tí a lè gbé wá sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní Ọ̀ṣun bó ṣe wà. Àdírẹ́sì ni ti Amẹ́ríkà dúró lé, bẹ́ẹ̀ ilé kò ní nọ́ńbà ní oko kòkó Atákúnmọ́sà. Orúkọ gan-an kò ṣeé gbára lé. Ẹni tí ìwé ẹjọ́ pè ní Sunday, Bàbá Ìbejì ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí lóko, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí ọtí sì ti fún un ní ìnagijẹ kan tí ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́ rí. Ẹni tó bá tẹ «Sunday» sórí fóònù kò ní rí Bàbá Ìbejì. Ní Ìtagúnmódì, níbi tí àwọn awagóòlù ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde, ó lè má sí ẹni tó mọ orúkọ ìdílé ara wọn rárá. Àwòrán, ìtẹ̀ka àti nọ́ńbà NIN ni ìwé Ọ̀ṣun gbọ́dọ̀ gbára lé, kí wọ́n sì kọ ìnagijẹ mọ́ orúkọ.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n Iléṣà ni ibi tó dára jù láti gba àwòrán, ìtẹ̀ka àti nọ́ńbà náà. Ìjìyà tó kéré jù tí VAPP là sílẹ̀ fún àgbàlagbà tó fipá báni lòpọ̀ ni ẹ̀wọ̀n ọdún 12: ẹni tó wọlé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún yóò jáde nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, yóò sì bá àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà tó lọ. Lọ́jọ́ tó bá jáde ló yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ tó ń lọ ti gba ìwé rẹ̀, ìbáà ṣe Òṣú, Ìbòkun tàbí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Kí àwòrán náà wà ní ọ́fíìsì wọn àti lọ́wọ́ Lọ́jà, olórí abúlé, kí òbí tó fẹ́ mú ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lè béèrè lọ́fẹ̀ẹ́, láìní dátà. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ sábà máa ń sùn sílé ọ̀gá rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kò kéré sí ti ilé-ìwé àti ilé-kéú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni inú ẹbí. Bí bàbá bá bá ọmọ tó bí sùn, tí ìjọba wá lẹ àwòrán bàbá náà mọ́ ògiri pẹ̀lú àlàyé ohun tó ṣe, gbogbo abúlé ti mọ ọmọ náà nìyẹn, wọn kò sì ní gbàgbé títí tí yóò fi tó lọ́kọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ọdún 2003 kò fàyè gba kí a tẹ ohun tí a ó fi dá ọmọ tó ní ẹjọ́ nílé-ẹjọ́ mọ̀. Nínú irú ẹjọ́ yìí, ó sàn kí wọ́n má lẹ àwòrán kankan, kí ó jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ gba ọkùnrin náà síṣẹ́ tàbí tó fẹ́ fi ọmọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ni yóò lọ béèrè, bíi ti Britain. Kò sì sídìí tí a ó fi kọ irú ẹ̀ṣẹ̀ náà sí ìwé tí gbogbo ayé ń wò.

Ìwé yìí kò lè ju ẹjọ́ tó parí lọ. Ẹjọ́ tí àwọn àgbà ní kí wọ́n fi mọ́lé, tàbí èyí tí ìyá ọmọ pa tì nítorí owó ọkọ̀ láti oko sí kóòtù Iléṣà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sún ẹjọ́, kò ní orúkọ kankan nínú rẹ̀. Ẹni tó wo ìwé tí kò rí orúkọ, kó má rò pé ẹni náà mọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé owó ọkọ̀ ẹlẹ́rìí tí ìjọba bá san yóò fi orúkọ kún ìwé náà ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ.

Orúkọ ẹni tí wọ́n ṣì ń bá ṣẹjọ́ kò gbọ́dọ̀ wọbẹ̀, nítorí òfin ìpìlẹ̀ ka olúwarẹ̀ sí aláìlẹ́bi, àwọn ọ̀dọ́ abúlé kì í sì í dúró de adájọ́ kí wọ́n tó gbé igi. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi náà lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní Àkúrẹ́. Bí wọ́n bá dá a sílẹ̀ níbẹ̀, òṣìṣẹ́ kan pàtó ní Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ gbọ́dọ̀ wà tí yóò pa orúkọ náà rẹ́ lọ́jọ́ tí ìwé ìdájọ́ bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, tí yóò sì rí i pé wọ́n ṣí àwòrán rẹ̀ kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ àti lọ́dọ̀ Lọ́jà.