Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ

Àwọn kan máa ń sọ pé bí ìjọba bá ti yọwọ́ nínú ẹ̀sìn, àlàáfíà dé nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo Bùlùgáríà ná.

Láti ayé àwọn Ottoman ni àwọn Mùsùlùmí tó ń sọ èdè Tọ́kì ti wà níbẹ̀. Ibẹ̀ loko wọn wà, ibẹ̀ ni wọ́n sin bàbá wọn sí. Ìjọba Kọ́múníìsì dé, ó ní òun ò ṣe ẹ̀sìn kankan. Nígbà tó di òpin 1984, ó kó ọlọ́pàá àti ṣọ́jà lọ ká wọn mọ́ abúlé. Mehmed kò gbọdọ̀ jẹ́ Mehmed mọ́, Ayşe kò gbọdọ̀ jẹ́ Ayşe. Orúkọ Bùlùgáríà ni dandan. Láàárín oṣù díẹ̀, nǹkan bí 800,000 ènìyàn ni wọ́n yí orúkọ wọn. Wọ́n ní kí wọ́n má sọ èdè Tọ́kì níta, kí wọ́n má dá abẹ́ fún ọmọkùnrin. Òkú pàápàá ò bọ́, wọ́n yí orúkọ wọn nínú ìwé ìjọba. "Ìsọjí" ni ìjọba pe gbogbo èyí!

Naim Süleymanoğlu tó ń gbé irin, wọ́n sọ ọ́ di Naum Shalamanov. Ó sá mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Melbourne ní 1986, ó sì gba wúrà fún Tọ́kì ní Seoul ní 1988. Ní 1989, ó lé ní 300,000 tó dẹrù lọ sí Tọ́kì, iṣẹ́ oko sì dẹnu kọlẹ̀. Ọdún yẹn náà ni ìjọba Zhivkov ṣubú, tí wọ́n gbà kí olúkúlùkù padà sí orúkọ rẹ̀. Ní 2012, ilé aṣòfin wọn bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà náà.

Èmi ò bá ìjọba tí kò gbè sẹ́yìn ẹ̀sìn kankan jà. Òun náà ni òfin Benin wa ti 1990 sọ. Ṣùgbọ́n kí ìjọba má ṣe ẹ̀sìn yàtọ̀ sí kó fẹ́ kí gbogbo ènìyàn dọ́gba bí bíríkì.

Ní Pọ́tò-Nóvò, àwọn Mùsùlùmí tí bàbá wọn ti Brazil dé ń jẹ́ da Silva. Ta ló máa sọ pé wọn kì í ṣe tiwa?

Nítorí náà, ẹ̀yin baálé, orúkọ tí ẹ sọ ọmọ nílé ni kí ẹ kọ sínú ìwé ìbí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ gba orúkọ aládùúgbò yín, ẹ má dákẹ́. Ilé là ń wò, a kì í wo ọ́fíìsì.